Ọdún Tí Wọ́n Ní Kí N Dúró De Ìkejì Mi

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ìkejì mi tí a jọ wá sáyé fi ọmọ rẹ̀ obìnrin ránṣẹ́ sí mi láti Àkúrẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Odode, ní Ìdànrè níbí, pẹ̀lú báàgì ńlá kan, àpò ìwé, àti bàtà ilé ìwé nínú ọ̀rá, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ ló wá lò. Ìkejì mi fúnra rẹ̀ ti pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n gbà á sọ́dọ̀ fún ọdún kan péré, kí n bá a wá ilé ìwé nítòsí mi. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po, kó tó wá là á pé ọmọbìnrin náà ti ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ, ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún méjì jù ú. Ọmọkùnrin náà kò fẹ́ bá a rìn lọ sílé ìwé mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ díẹ̀, kí ọmọkùnrin yẹn fi ráyè ga."

Kó ráyè ga. Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó bóyá òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀, mo tún gbé e padà. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń gbé ẹ̀rọ lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, á fi ojú kan ṣoṣo wo ilẹ̀ onílẹ̀, á sì sọ ibi tí ilẹ̀ yín parí sí fún yín láìfi ìka kan lé e. Ọmọ méjì tó bí ni kò lè wọ̀n. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà máa bọ̀, nítorí mo mọ̀ pé tí n kò bá gbà á, ibòmíràn ló máa rán an lọ.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ó dà bíi pé kò rántí. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú ilé wa. Èmi ni wọ́n ṣe é fún, òun sì ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Ìbejì ni èmi àti òun. Òun ló kọ́kọ́ jáde, mo tẹ̀lé e, èyí tó sọ mí di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe wà lọ́dọ̀ wa: èmi ni mo rán an kó lọ tọ́ ayé wò fún mi. Mo máa ń sọ fún un pé ká ní mo mọ irú oníṣẹ́ tí mo rán ni, ǹ bá ti wá fúnra mi. Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ìbejì nílé àwọn bàbá wa á mọ̀ pé òfin kan ló wà níbẹ̀: ohun tí ẹ bá ṣe fún ọ̀kan, ẹ ṣe é fún èkejì. Tí bàbá wa bá ra bísíkíìtì, páálí méjì ni. Ẹran inú ọbẹ̀, màmá wa á gé e sí méjì, á tẹjú mọ́ ọn, á tún gé díẹ̀ kúrò lára èyí tó tóbi, á jù ú sẹ́nu ara rẹ̀ kí wọ́n lè bára mu. Bí wọ́n bá na ọ̀kan nínú wa, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti rí nǹkan kan tí wọ́n máa torí rẹ̀ na ẹnì kejì.

Aránṣọ kan ṣoṣo ló ń rán aṣọ wa, èmi nìkan ló sì máa ń wọ̀n. Á fi téèpù yí mi ká, á wá kọ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì sínú ìwé rẹ̀. Bàtà náà bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ mi ti gùn ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bàbá wa kò ra nọ́ńbà méjì rí láyé. Èyí tó wà láàárín ló ń rà. Òun ń wọ́ bàtà nílẹ̀, èmi ń ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sínú. Àwa méjèèjì jọ ń jìyà lọ́gbọọgba, ìyẹn ló sì tẹ́ wọn lọ́rùn.

Nígbà tí a fi máa pé ọmọ ọdún méjìlá, mo ti fi odidi orí kan ga jù ú lọ. N kò ṣe nǹkan kan. Mo kàn ń sùn, mo ń jí, ẹsẹ̀ mi sì ń yọ sí ìta bẹ́ẹ̀dì. Ìjọ Aládùúrà ni wá, a sì ní sùtánà funfun tí wọ́n rán fún wa lọ́jọ́ kan náà, nọ́ńbà kan náà. Lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, a jọ tò lọ síwájú pẹpẹ. Tèmi dúró sí àárín ojúgun, tirẹ̀ ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin àlejò kan tó wá láti ìjọ míràn fọwọ́ kan ìkejì mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi í pé, "Ṣé àǹtí ẹ nìyẹn?"

Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní èmi ló bi ni, ǹ bá dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Òun ló bi, òun sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo ìjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kó jọ fún Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin wà ní ìjókòó iwájú. Màmá Oko là ń pè é, nítorí pé oko kòkó rẹ̀ ní Atosin ló máa ń wà, àfi tí ìsìn pàtàkì bá gbé e wá sí Odode. Ó wo ìkejì mi, ó wo èmi, ó tún wò wá láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ra iṣu méjì ní iye kan náà tó wá rí i pé ọ̀kan kéré.

Ìdájọ́ rẹ̀ ti jáde ká tó délé. Ó ní mò ń jẹ gíga ìkejì mi. Ó ní inú kan náà la ti wá, gíga kan náà la jọ gbé bọ̀, a sì gbọ́dọ̀ pín in dọ́gba bí a ṣe ń pín gbogbo nǹkan. Tí ọ̀kan bá ti wá ga jù, ìpín ẹnì kejì ló ti bù mọ́ tirẹ̀. Obìnrin náà kò fi ṣeré rárá. Kó tó bọ́ sùtánà rẹ̀ lọ́rùn ló ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá wòlíì ìjọ wa. Wòlíì, kí Ọlọ́run bù kún un, ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ káwọn ọmọ máa dàgbà. Màmá Oko ní ó dáa, wòlíì lè má rí i, òun rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí gbogbo wa mọ̀ nílé wa tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Màmá wa ga ju bàbá wa lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀. Nínú gbogbo fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ wa, màmá wa ló jókòó, bàbá wa ló dúró tì í, tó gbé ọwọ́ lé e léjìká bí ọba. Fọ́tò ìgbéyàwó, màmá wa jókòó. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ wa, ó jókòó, ọmọ kan lápá ọ̀tún, ọmọ kan lápá òsì. Àlejò tí kò bá tíì rí wọn kí wọ́n jọ rìn lójú títì á rò pé ẹsẹ̀ ló ń dun obìnrin náà. Ìdí nìyẹn tí ẹkún ìkejì mi fi wọ Màmá Oko lára tó bẹ́ẹ̀. Gíga tèmi kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ bí má lọ kúrú bíi bàbá rẹ̀, kó má lọ di pé ìyàwó tirẹ̀ náà ní láti jókòó kí wọ́n tó lè ya fọ́tò.

Ilé ni ìtọ́jú ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹyin méjì ni màmá wa máa ń sè láàárọ̀, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Màmá Oko ní kí tèmi bọ́ sí àwo ìkejì mi. Ẹ̀wà mi náà dín kù. Omi pípọn di tèmi nìkan, kí garawa lè máa tẹ̀ mí láti orí wálẹ̀. Ìkejì mi ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ru ohunkóhun. Láàárọ̀ kùtù, bàbá wa á gbé e rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé wa, á ní kó máa ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún. Kò pẹ́ tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọgọ́rùn-ún ní kíákíá. Apá ń ro ó, ó ń jẹ ẹyin méjì láàárọ̀, ó sì kúrú síbẹ̀.

Màmá wa kì í bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jiyàn. Ohun tó ṣe ni pé ó ní òun ń lọ ra ẹja, ó mú mi dání, ó sì gbé mi lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní Owena. Nọ́ọ̀sì náà wọ̀n mí, ó bi mí ní ìbéèrè méjì kan nípa ara mi tó mú kí n máa wo ilẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, kò sí ohun tó ṣe é. Ọmọbìnrin máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ ni. Èkejì rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó lè tó ọdún méjì sí i. Ẹ fún àwọn méjèèjì lẹ́yin." Màmá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, ó kó o kalẹ̀ jẹ́jẹ́ níwájú Màmá Oko. Màmá Oko bi í bóyá nọ́ọ̀sì náà bí ìbejì rí. Màmá wa ní òun kò béèrè. Màmá Oko ní, "Ṣé o rí i." Bí ọ̀rọ̀ oníṣègùn ṣe parí nílé wa nìyẹn.

Nígbà tí a parí JS1, Màmá Oko pe ìpàdé ní pálọ̀, lábẹ́ àwọn fọ́tò yẹn. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí èmi àti ìkejì mi bá ń sùn lábẹ́ òrùlé kan náà, kò ní ga. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo rán an wá sáyé. Ìwọ lẹ̀gbọ́n. Dúró dè é." Ó ní òun á mú mi lọ sí Atosin, kí n wà lóko pẹ̀lú òun fún ọdún kan, nígbà tí ìkejì mi bá ti bá mi, a óò jọ máa lọ. Màmá wa ní, "Ìwé ọmọ yìí ńkọ́, Màmá?" Màmá Oko ní ilé ìwé kò ní sá lọ. Mo wo bàbá wa. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Ọdún kan péré ni."

Ipò kẹta ni mo gbà ní kíláàsì ní sáà yẹn. Ìkejì mi gba ipò kọkàndínlógún, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí n dúró dè é níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ilé ìwé. Mo fẹ́ràn òórùn ìwé tuntun, mo fẹ́ràn kí tíṣà béèrè nǹkan kí n ti nawọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé n kò lè sunkún. Mo kó àwọn ìwé JS1 mi sísàlẹ̀ báàgì, mo fi aṣọ bò wọ́n kí wọ́n má bàa yọ wọ́n kúrò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Atosin, Màmá Oko mú mi fara ti òpó ilé ìdáná, ó fi àdá sá ojú òpó náà níbi tí orí mi dé. Ó ní ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a óò máa wò ó bóyá ẹrù ń ṣiṣẹ́. Ẹrù náà ni kòkó. Tí wọ́n bá ti fọ́ ọ tán, èmi ni mò ń ru agbọ̀n láti inú oko wá síbi tí wọ́n ti ń bò ó mọ́lẹ̀, tí omi kòkó á máa ro sí mi lẹ́yìn ọrùn. Nígbà tí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ parí, orí mi ti kọjá ojú àdá yẹn. Màmá Oko wò ó, ó tún wò ó. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, òpó náà ló ń rì. Ó sá ojú tuntun. Kí ọdún yẹn tó parí, ojú mẹ́rin ló wà lára òpó náà, ọ̀kan lókè ìkejì, bẹ́ẹ̀ òpó kan ṣoṣo yìí ló ń rì nínú gbogbo òpó ilé.

Èyí tó wá kọjá àlà ni pé ní ìgbà ìkórè kòkó, gíga tó ní kí n sọ nù ló wá wúlò fún un. Èyí tí àwọn alágbàṣe ń fi ọ̀pá já, ọwọ́ ni mo fi ń já a. Màmá Oko á dúró lábẹ́ igi, á máa nawọ́ sókè, á ní, "Èyí tó wà lápá ibẹ̀ yẹn, nà díẹ̀ sí i." Nà díẹ̀ sí i! Obìnrin tó gbé mi kúrò nílé ìwé nítorí pé mo nà jù.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Kò ṣìkà sí mi. Nírọ̀lẹ́ á fi òrí pa ọrùn mi, á rọra máa tẹ̀ ẹ́, á máa bi mí bóyá ó ń dùn mí. Kò sì lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un kí ẹni náà má yó, nítorí náà ó gbàgbé òfin ẹyin pátápátá. Ẹyin adìẹ ilé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ẹ̀wà, ẹran ìgbẹ́ nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ ló ń kó fún mi. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó ń fi tòsì fà mí sókè, kò sì mọ̀. Ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ jì í ni àárọ̀. Láàárọ̀, àwọn ọmọ abúlé máa ń gba ẹ̀gbẹ́ oko wa kọjá lọ sílé ìwé nínú aṣọ aláró wọn. Mo máa ń bọ́ sẹ́yìn igi kòkó títí wọ́n á fi lọ tán, kí wọ́n má bàa bi mí ìdí tí n kì í fi í lọ.

Nígbà tí mo padà sí Odode, mo ti fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin ga sí i. Ìkejì mi wà níbi tí mo fi í sí. Ó kàn sanra díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti parí JS2, ó ń lọ sí JS3, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ JS2. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan ni wọ́n ṣe fún èkejì, àfi kíláàsì. Kò sí ẹni tó rí i bí ohun tí kò dọ́gba. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé báwo ni ìbejì ṣe wà ní kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní mo fèèlì ni. Mo gbá a létí níwájú wọn. Gíga mi wúlò gan-an lọ́jọ́ náà.

Ó wá di pé a lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá díẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ fọ́, lẹ́yìn náà ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ lọ sókè. Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Èmi ti dúró ní tèmi. Nígbà tí a fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ó ti gba iwájú mi kọjá, nígbà tó sì yá ó fi odidi orí kan jù mí lọ. Màmá Oko rúbọ ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Atosin ló ṣe é. Bàbá wa ní rárá, igi gúáfà ni. Wọ́n jiyàn lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Màmá wa, tí àwọn arákùnrin rẹ̀ ń tẹ orí ba kí wọ́n tó lè wọ ilẹ̀kùn wa, ń gbọ́ wọn, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Mo dúró de ìpàdé. Mo rò pé ẹnì kan á pe ìkejì mi sí pálọ̀, á wò wá láti òkè délẹ̀, á ní ó ti ń jẹ gíga mi, kó lọ dúró dè mí. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí gbogbo wa jọ ń jẹun, mo bi bàbá wa pé, "Bàbá, ìgbà wo lẹ máa rán an lọ sí Atosin, kí n lè bá a?" Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Màmá Oko rẹ́rìn-ín, ìkejì mi ló rẹ́rìn-ín kíkan jù. Màmá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, n kò sì ṣe àwàdà.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ìkejì mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, mo mọ ẹni tí mo dà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin. Èmi ni Màmá Oko tirẹ̀.

Ní Sátidé, mo se ẹyin méjì fún un. Ó jẹ ọ̀kan, ó sún ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Mo bi í bóyá kò dára. Ó ní, "Ó dára, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń fún." Mo ní ta ló ní kó máa fún un. Ó ní, "Dádì." Ó wá bi mí ní ohùn kékeré pé, "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé èmi ni mi ò jẹ́ kó ga? Tí a bá jọ ń rìn, mo máa ń tẹ orúnkún mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń rí mi."

Inú bí mi, mo sì gbé ife tí mo mú dání kalẹ̀. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama níbí. Lọ́dọọdún ni mò ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí, mo sì mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n n kò tíì kọ́ ọ fún ẹni tó nílò rẹ̀ tó báyìí. Mo sọ fún un pé gíga kì í ṣe iṣu tí àwọn ọmọ ń pín. Jíìnì, ìyẹn àwọn àmì àjogúnbá inú ara, púpọ̀ ló ń dá sí i, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ti díẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó bá sì wà lára rẹ kò lè ti ara ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Mo sọ fún un pé èmi àti bàbá rẹ̀ tí a jọ wà nínú ìyá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti wá, ohun tó pa wá pọ̀ kò ju ohun tó pa òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀ lọ.

Mo ní kó na ẹsẹ̀, mo fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Mo ní nítòsí ibí yìí, létí egungun, kerekere rírọ̀ kan wà, ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn. Họ́mọ́ọ̀nù, oje kan tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ló ń fún un láṣẹ. Ti obìnrin máa ń tètè dé, á mú kí egungun sáré gùn, á wá mú kí kerekere náà le, tó bá sì ti le, gígùn parí. Ti ọkùnrin máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ọdún méjì kó tó dé. Láàárín ìgbà tó fi ń pẹ́ yẹn, ó ṣì ń ga díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé, tí tirẹ̀ bá sì wá dé, ó máa ń le ju ti obìnrin lọ, ó sì ń pẹ́ kó tó tán. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà ti ń wá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ kò pàdánù nǹkan kan. Àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó." Ó bi mí pé kí ló wá ń sọ fún egungun ọkùnrin pé ó tó. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Mo ní họ́mọ́ọ̀nù tí à ń pè ní ti obìnrin yẹn náà ni. Ara ọkùnrin máa ń yí díẹ̀ nínú tirẹ̀ padà sí i, òun ló sì ń ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ọkùnrin gíga tó wà ní Ìdànrè, ohun obìnrin inú ara wọn ló sọ ibi tí wọ́n máa dúró sí fún wọn.

Ó jẹ ẹyin kejì. Mo gbé fóònù, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo pe ìkejì mi. Mo ní láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ rẹ̀ á wà ní kíláàsì rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó ní, "Ìwọ náà, ọdún kan péré ni—" Mo ní kó dákẹ́. Mo ní, "Ní ọdún mẹ́ta sí i, tí ọmọkùnrin ẹ bá wá ga ju èyí lọ, ṣé Atosin lo máa rán an lọ, kó lọ dúró dè é?"

Mo dúró de ẹ̀rín. Mo ti mọ ẹ̀rín yẹn láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì ti ń múra èsì tí mo máa fún un sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò rántí pé odidi ọdún ni."

Mo ní, "Èmi rántí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kúrò ní Odode. Ìkejì mi ti ń dúró dè wá lẹ́nu géètì ilé ìwé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè gba báàgì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó ní, "Lọ jẹ́ kí wọ́n rí ẹ ní kíláàsì," kò sì wo ojú mi. Àwọn ọmọ méjèèjì jọ wọlé lọ. Ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ fẹ́ fi í sílẹ̀, ó wá dúró dè é. Mo ń wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà títí wọ́n fi yà sí kọ̀rọ̀ ilé. Kò tẹ orúnkún rẹ̀.